Bí Ẹ Ṣe Lè Ra Láptọ́ọ̀pù Kékeré Tí Kò Ní Já Akẹ́kọ̀ọ́ Kulẹ̀ ní Abùjá

Ìgbà tí ilé ìwé gíga bá ti ń gba ọmọ wọlé ni ìpè máa ń pọ̀ lórí fóònù àwa tá à ń gbé Abùjá: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo láptọ́ọ̀pù kékeré kan fún ọmọ yìí, owó ò pọ̀ lọ́wọ́ o." Ọmọ ọ̀hún lè fẹ́ lọ Yunifásítì Abùjá ní Gwagwalada, ó lè fẹ́ lọ FUT Minna tàbí ABU Zaria, ó sì lè jẹ́ NOUN (National Open University of Nigeria) ló wà, níbi tó ti máa ṣe TMA rẹ̀, ìyẹn iṣẹ́ àṣetiléwá tí wọ́n ń fún ní máàkì, lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun kan náà ni mo máa ń sọ fún gbogbo wọn: tówó ò bá tó nǹkan, ẹ fi tuntun olówó pọ́ọ́kú sílẹ̀, kí ẹ wá tòkunbọ̀ tí wọ́n ṣe fún òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì lọ. Bí ẹ ṣe máa ṣe é nìyí.

1. Ẹ kọ́kọ́ bi ọmọ léèrè iṣẹ́ tó fẹ́ fi ṣe

Ẹni tó ń kọ́ òfin, èdè, ìṣirò owó tàbí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, kó rí nǹkan tẹ̀wé, kó ka PDF, kó wo fídíò, kó sì wọ ìkànnì ilé ìwé, ó parí. Láptọ́ọ̀pù tójú rẹ̀ jẹ́ ínṣì 11 sí 13 tó o. Ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ ayàwòrán ilé tàbí ẹnjiníà tó máa lo AutoCAD tí wọ́n fi ń yàwòrán, kó ní sùúrù kówó rẹ̀ pọ̀ sí i, kó ra èyí tójú rẹ̀ fẹ̀ tó ní RAM 16GB (RAM ni ibi tí ẹ̀rọ ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí). Kékeré á kàn fìyà jẹ ẹ́ ni. Ẹni tó ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà lè lo kékeré, tí RAM rẹ̀ bá ti ṣeé fi kún.

Ẹ ro ti ìwúwo náà mọ́ ọn. Ọmọ FUT Minna tó ń gbé Bosso tó ń wọ bọ́ọ̀sì lọ ọgbà ilé ìwé ní Gidan Kwano lójoojúmọ́, èjìká rẹ̀ á mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín kílò kan ààbọ̀ àti kílò méjì ààbọ̀.

2. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́ta kí ẹ tó wo àwọ̀ rẹ̀

Àkọ́kọ́ ni RAM. 8GB ni kí ẹ máa béèrè. 4GB á tan, á sì ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ṣí Chrome, Word àti Zoom lẹ́ẹ̀kan náà, ó ti dé góńgó ẹ̀mí ẹ̀ nìyẹn.

Èkejì ni ibi ìpamọ́. SSD 256GB ló dára jù, 128GB ṣì ṣeé bá lò. SSD ni ibi ìpamọ́ tó yára, tí kò ní ohun tó ń yí nínú. Tí wọ́n bá gbé èyí tó ní hard disk tó ń yí fún yín, ẹ sọ pé kí wọ́n bá yín pààrọ̀ rẹ̀ sí SSD, kí wọ́n sì fi owó ẹ̀ kún iye tí ẹ jọ ń nà. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ òbí ti ń jìn sí kòtò. Láptọ́ọ̀pù kékeré kan á wà nínú páálí tuntun, á máa dán, owó rẹ̀ á sì wọlé sí yín lójú. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ páálí: RAM 4GB, eMMC (ibi ìpamọ́ olówó pọ́ọ́kú tó lọ́ra ju SSD lọ) 32GB tàbí 64GB. Windows nìkan máa ń jẹ ju 20GB lọ. Lórí 32GB, ìgbà tí àtúnṣe Windows bá dé, kò ní rí ibi jókòó sí. Wọ́n sì ti jó RAM àti ibi ìpamọ́ yẹn mọ́ pákó inú ẹ̀rọ, kò sí ẹni tó lè bá yín fi kún un. Ọmọ tó bá bẹ̀rẹ̀ ọdún kìíní pẹ̀lú rẹ̀, ọdún kejì ni ẹ máa tún ra òmíràn.

Ẹ̀kẹta ni processor, ìyẹn ọpọlọ ẹ̀rọ náà. Ẹ má jẹ́ kí "i5" tàbí "i7" nìkan dí yín lójú, nítorí i7 àtijọ́ lè máà tó i5 tó jáde lẹ́yìn rẹ̀. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e ni kí ẹ kà. i5-6300U jẹ́ ìran kẹfà, i5-8250U jẹ́ ìran kẹjọ, i5-10210U jẹ́ ìran kẹwàá, i5-1135G7 jẹ́ ìran kọkànlá. Àwọn ontajà á pe ìran kẹjọ ní "8th gen", òun gan-an sì ni kí ẹ fi ṣe ìpẹ̀kun ìsàlẹ̀. Ìdí ni pé ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2025 ni Microsoft dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ tí gbogbo èèyàn ń gbà fún Windows 10 dúró, Windows 11 ò sì gba púpọ̀ nínú ohun tó ṣáájú ìran kẹjọ. Ontajà lè fi ọgbọ́n gbé Windows 11 sórí ìran kẹfà, kó ní "ṣé ẹ rí i, ó ń ṣiṣẹ́!" Òótọ́ ni, ó ń ṣiṣẹ́, Microsoft ò kàn ṣèlérí pé á máa bá a lọ bẹ́ẹ̀ ni. Nínú àwọn tuntun tówó wọn ò pọ̀, èyí tó ní Intel N100, tó jáde ní 2023, ṣeé rà tí RAM rẹ̀ bá jẹ́ 8GB. Celeron N4000 àti N4020 ń lọ bí ìgbín.

Ẹ má gbára lé sítíkà tó wà lára rẹ̀ o. Sítíkà ṣeé rà lọ́jà. Ẹ ṣí Settings, ẹ wọ System, ẹ wọ About, kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ sọ orúkọ ara rẹ̀.

3. Ẹ mọ orúkọ tí ẹ máa dá

Tí ẹ bá kàn ní "mo fẹ́ láptọ́ọ̀pù kékeré," ohun tí ontajà fẹ́ tà ló máa gbé síta. Ẹ dárúkọ: Lenovo ThinkPad X280, Dell Latitude 7290, HP EliteBook 830 G5. Wọn ò tóbi, kíbọ́ọ̀dù wọn gba ìyà, ilé iṣẹ́ ní òkè òkun ló ń rà wọ́n lọ́pọ̀ tí wọ́n á sì tà wọ́n dànù lẹ́yìn ọdún díẹ̀. X280 ní àléébù kan: RAM rẹ̀ ò ṣeé fi kún, nítorí náà ẹ má ra ti 4GB láé. 7290 ní ojú ihò RAM kan, 830 G5 ní méjì. Ẹ ṣì máa ka nọ́ńbà processor, torí a máa ń rí ti ìran keje láàárín wọn.

Tówó bá kéré gan-an, ThinkPad X270 kì í ṣe ẹran burúkú. Bátìrì méjì ló ní, ọ̀kan nínú, ọ̀kan lẹ́yìn, ẹ sì lè yọ ti ẹ̀yìn, kí ẹ ki òmíràn bọ̀ ọ́ láìpa ẹ̀rọ. Ìran kẹfà tàbí keje ni, nítorí náà Linux Mint, tó máa dípò Windows, ni mo máa ní kí ẹ fi sí i, pẹ̀lú LibreOffice, tó máa dípò Word. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Ọmọ á ráhùn fún ọ̀sẹ̀ kan, ọwọ́ rẹ̀ á mọ́ ọn.

Chromebook, ìyẹn láptọ́ọ̀pù tó ń lo ChromeOS ti Google dípò Windows, ńkọ́? Àwọn tí ilé ìwé ní Amẹ́ríkà ti lò tẹ́lẹ̀ pọ̀ lọ́jà, owó wọn sì rọjú. Ẹ ṣọ́ra. Chromebook ní ọjọ́ tí Google máa dá àtúnṣe rẹ̀ dúró. Àwọn tó jáde láti 2021 ní ọdún 10, ṣùgbọ́n ìgbà tí irú rẹ̀ kọ́kọ́ jáde ni wọ́n ti ń kà á, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ rà á. Ẹ̀ máa rí ọjọ́ náà ní Settings, lábẹ́ About ChromeOS. Àwọn kan a tún máa gbé Windows sórí Chromebook, wọ́n á tà á bíi láptọ́ọ̀pù gidi. Kíbọ́ọ̀dù ló máa tú wọn fó: kò ní àmì Windows, ìlà òkè rẹ̀ ò sì ní F1 sí F12.

4. Ẹ jáde lọ wò ó pẹ̀lú ojú yín

Ní Abùjá, Emab Plaza àti Banex Plaza ní Wuse 2 ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dárúkọ fún yín. Ẹni tó wà ní Kano á gba Farm Centre lọ. Ẹ lọ láàárọ̀, kí ẹ béèrè iye owó lọ́wọ́ ṣọ́ọ̀bù bíi mẹ́ta kí ẹ tó jókòó sí ọ̀kan. Iye ń bá dọ́là lọ sókè sódò, ti oṣù tó kọjá tí ọ̀rẹ́ yín sọ lè má wúlò mọ́. Ẹ mú fóònù tó ní data dání, fláàṣì, àti gbohùngbohùn etí. Tí ẹ bá gbọ́ Hausa díẹ̀, ẹ lò ó. "Don Allah, a rage mana" (ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dín in kù) a máa mú ontajà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín a sì máa já owó.

5. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kí owó tó jáde lápò

Ẹ pa á, ẹ tún un tàn, kí ẹ máa tẹ F1 tó bá jẹ́ ThinkPad, F2 fún Dell, F10 fún HP. BIOS, ìyẹn ojú ìwé ètò ẹ̀rọ tó ń ṣáájú Windows, ló yẹ kó ṣí. Tó bá ń béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà tí ontajà ò mọ̀, ẹ dá a padà fún un. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ní kí ó dá Windows padà sí ìbẹ̀rẹ̀ lójú yín, kí ẹ sì so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì fóònù yín. Ó máa gba àkókò, ontajà lè máa fojú burúkú wò yín, ẹ jókòó. Láptọ́ọ̀pù tí ilé iṣẹ́ tàbí ilé ìwé òkè òkun ò tíì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé wọn á gbé orúkọ wọn jáde, á sì máa béèrè ímeèlì òṣìṣẹ́ wọn. Irú rẹ̀ lè ṣiṣẹ́ lónìí kó sì tì mọ́ ọmọ lọ́wọ́ ní ọ̀sẹ̀ ìdánwò.

Bátìrì ló kàn, òun ni mo sì máa ń pẹ́ lórí ẹ̀ jù, nítorí iná họ́sítẹ́lì kì í dágbére kó tó lọ. Ẹ ṣí Command Prompt, ẹ tẹ powercfg /batteryreport, kí ẹ tẹ Enter. Á sọ ibi tó gbé ìwé ìròyìn rẹ̀ sí. Ẹ ṣí i, ẹ wá DESIGN CAPACITY, ìyẹn agbára tó bá wáyé, àti FULL CHARGE CAPACITY, ìyẹn èyí tó kù. Tí àkọ́kọ́ bá jẹ́ 48,000 mWh tí èkejì sì jẹ́ 24,000, ìdajì ti lọ. Bátìrì 42Wh tó ń gbé ẹ̀rọ tó ń jẹ wáàtì 7 á pẹ́ tó wákàtí 6. Tó bá ku ìdajì, wákàtí 3 ni. Lójú tèmi, ohun tó bá kù tó wálẹ̀ ju ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún, kí wọ́n fi bátìrì mìíràn sí i tàbí kí wọ́n yọ owó rẹ̀. Bátìrì ayédèrú a sì máa purọ́ fún ẹ̀rọ, nítorí náà ẹ yọ ṣájà, kí ẹ fi fídíò sí i fún ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ máa wo bí ìdá rẹ̀ ṣe ń wálẹ̀.

Bí fídíò yẹn ṣe ń lọ, ẹ fi ọwọ́ kan ibi tí atẹ́gùn ti ń jáde, ẹ sì tẹ́tí sí fáànù. Oṣù kẹta àti oṣù kẹrin ní Abùjá ò ṣe é fẹnu sọ, ọyẹ́ sì ti da eruku kún inú èyí tó ti pẹ́ lórí igbá. Tó bá ń pariwo kíkan, ẹ ní kí wọ́n tú u kí wọ́n gbọn eruku rẹ̀ níṣojú yín.

Ẹ ṣí Notepad, kí ẹ tẹ gbogbo lẹ́tà. Tí ẹ bá tẹ Y tí Z jáde, tàbí tí ibi tí Z wà lójú kíbọ́ọ̀dù bá ṣàjèjì sí yín, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ láti Jámánì ló ti wá. Ó ṣeé lò, ṣùgbọ́n kí owó rẹ̀ wálẹ̀. Ẹ ki fláàṣì bọ gbogbo ihò, ẹ wo kámẹ́rà, ẹ gbọ́ ohùn, ẹ ṣí i kí ẹ sì pa á dé lẹ́ẹ̀melòó kan kí ẹ mọ̀ bóyá ọrùn rẹ̀ ti ń mì.

6. Ṣájà

Ẹ ka ara rẹ̀: kí wọ́n kọ 100-240V sí i. Ẹnu ti Amẹ́ríkà ò bá ihò iná wa mu, wáyà ẹlẹ́nu mẹ́ta ò sì wọ́n. X280, 7290 àti 830 G5 ń gba iná láti inú USB-C, ìyẹn ni pé páwà báńkì tó lè gbé wáàtì 45 sí 65 jáde lè ràn wọ́n lọ́wọ́ lálẹ́. Páwà báńkì fóònù lásán ò lè ṣe é.

7. Rìsíìtì àti ọjọ́ tí wọ́n fún yín

Nọ́ńbà serial tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ wà lórí rìsíìtì, pẹ̀lú RAM, SSD àti iye ọjọ́ tí wọ́n máa fi gbà á padà tó bá bàjẹ́. Ẹ̀rọ tí ẹ ò ní rìsíìtì rẹ̀, tí ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ bá yọ jáde, ọ̀rọ̀ di ti ọlọ́pàá. Tó bá jẹ́ ọjọ́ méje ni wọ́n kọ síbẹ̀, ẹ má ṣe gbé e sínú àpótí de ọjọ́ tí ọmọ máa wọlé. Inú ọjọ́ méje yẹn ni kó ti lò ó láti àárọ̀ dalẹ́, kó wo fídíò, kó pe ìyá rẹ̀ lórí Zoom, kó fi bátìrì nìkan ṣiṣẹ́ títí á fi kú, kó tún un gbà níná. Èyíkéyìí tó bá kọ̀ ṣe, ẹ gbé e padà sí ṣọ́ọ̀bù kí ọjọ́ náà tó pé.