Nígbà Tí Ilẹ̀ Bá Ṣú Mọ́ni Láàárín Ọkọ̀ Ojú Irin Méjì

Ìbéèrè: Aago 11 alẹ́ ni ọkọ̀ àkọ́kọ́ máa gbé mi dé, aago 6 àárọ̀ sì ni èkejì máa gbéra. Ṣé mo lè fi ibùdókọ̀ ṣe ilé títí ilẹ̀ á fi mọ́?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá wọ́n ń ti ibùdókọ̀ ọ̀hún lóru. Ẹ má wo bó ṣe tóbi o. Gare du Nord ní Paris, tí èrò ń ya lọ ya bọ̀ níbẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, wọ́n ń tì í lóru. Ojú èmi náà ti rí i rí ní ibòmíì. Mo ti na ẹsẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì, mo fi báàgì ṣe ìrọ̀rí, oorun ti ń gbé mi lọ, ni mo bá gbọ́ kọ́ọ́, kọ́ọ́, kọ́ọ́. Ọkùnrin kan ló ń fi tọ́ọ̀ṣì lu irin bẹ́ǹṣì lọ́kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń bọ̀: "Ẹ dìde, a fẹ́ tilẹ̀kùn." Aago 1 òru ti lù. Òjò ń rọ̀ níta. Èmi àti àwọn mẹ́rin tí n ò mọ̀ rí la fara ti ògiri lábẹ́ òrùlé kékeré kan títí di aago 4 ààbọ̀.

Ẹ tún wo tíkẹ́ẹ̀tì dáadáa, bóyá ibùdókọ̀ tí ẹ máa sọ̀ náà lẹ máa ti wọ ọkọ̀ kejì. Ní Paris yẹn kan náà, ẹni tó gba Gare du Nord wọlé, tó fẹ́ gba Gare de Lyon jáde, ní láti la ìgboro kọjá, RER, ìyẹn ọkọ̀ ojú irin ìgboro tó so méjèèjì pọ̀, kì í sì í ṣiṣẹ́ mọ́jú.

Bí wọ́n bá ń tì í, ilé ìtura tí ẹsẹ̀ lè gbé yín dé ló kù. Ẹ sanwó rẹ̀ ṣáájú, kí ẹ sì sọ fún wọn pé ọ̀gànjọ́ lẹ máa dé, torí ọ̀pọ̀ àwọn kéékèèké kì í fi ẹnikẹ́ni sí ẹnu ọ̀nà lóru. Ní Íńdíà, ọ̀pọ̀ ibùdókọ̀ ńlá ló ní yàrá tí wọ́n ń pè ní retiring room, tí ẹni tó ní tíkẹ́ẹ̀tì lè háyà sùn. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá bi mí, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ débẹ̀ rárá: ẹ sùn sí ìlú tó ṣáájú kí ẹ wọ ọkọ̀ àárọ̀ kùtù, tàbí kí ẹ wá ọkọ̀ oníbùsùn, kí ó máa sáré bí ẹ ṣe ń sùn.

Ìbéèrè: Ọkọ̀ àkọ́kọ́ ló falẹ̀, èkejì sì ti fi mí sílẹ̀ lọ. Ta ló máa sanwó ilé ìtura?

Ìdáhùn: Ọwọ́ bí ẹ ṣe ra tíkẹ́ẹ̀tì ló kù sí. Ní àwọn orílẹ̀-èdè European Union, òfin 2021/782, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 7 oṣù kẹfà ọdún 2023, sọ pé bí ọkọ̀ bá falẹ̀ débi tí èrò fi ní láti sùn lójú ọ̀nà, iléeṣẹ́ ọkọ̀ ló máa wá ibi tó máa sùn fún un lọ́fẹ̀ẹ́, níbi tó bá ti ṣeé ṣe. Àmọ́ tí ẹ bá ra ọkọ̀ méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nítorí owó tí kò tó nǹkan, iléeṣẹ́ kejì á ní ẹ̀yin lẹ pẹ́. Ẹ má sáré jáde o. Ẹ wá òṣìṣẹ́ kan rí kí wọ́n tó lọ sílé, kí ó fún yín ní ìwé pé ọkọ̀ falẹ̀. Bí ẹ ò bá rí ẹnì kankan, ẹ ya fọ́tò pátákó tó ń fi àsìkò ọkọ̀ hàn, kí ẹ sì tọ́jú rìsíìtì.

Ìbéèrè: Oorun ń kùn mí nínú ọkọ̀, ẹ̀rù báàgì sì ń bà mí.

Ìdáhùn: Olè kì í sábà jí nǹkan nígbà tí ọkọ̀ ń sáré, níbo ló máa sá gbà? Ìgbà tí ọkọ̀ bá fẹ́ kúrò ní ibùdókọ̀ ni. Á gbé e, á bọ́ sílẹ̀, ilẹ̀kùn á pa dé, ẹ̀yin á wá máa wò ó láti ojú fèrèsé. Ìdí nìyẹn tí ibi ìkẹ́rù ẹnu ọ̀nà fi burú jù. Òkè ìjókòó tó dojú kọ yín sàn ju òkè orí yín lọ, torí ojú yín á máa tó o. Ní Íńdíà, irin róbótó máa ń wà lábẹ́ ibùsùn ìsàlẹ̀. Ṣéènì àti àgádágodo lèrò fi ń de báàgì mọ́ ọn. Ìwé ìrìnnà, owó àti oògùn, abẹ́ aṣọ ni kí wọ́n wà, kì í ṣe abẹ́ ìrọ̀rí. Fóònù tó ń gba iná lára ògiri nígbà tí ẹ ń hanrun, ẹ ti fi tọrẹ nìyẹn.

Tó bá jẹ́ yàrá oníbùsùn, ìkọ́ méjì ló sábà máa ń wà lára ilẹ̀kùn. Kọ́kọ́rọ́ òṣìṣẹ́ lè ṣí ọ̀kan. Èkejì, inú nìkan ni wọ́n ti ń ṣí i. Èkejì yẹn lèrò máa ń gbàgbé.

Ìbéèrè: Obìnrin ni mí, èmi nìkan ni mò ń lọ. Ọkùnrin tó jókòó tì mí ń da ọ̀rọ̀ bò mí, ó fẹ́ mọ ibi tí mo máa sọ̀.

Ìdáhùn: Ẹ dìde. Ẹ ò jẹ ẹ́ ní àlàyé. Ìtìjú ni kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ wa kúrò níbẹ̀. Ẹ gbé báàgì yín, ẹ lọ jókòó síbi tí tọkọtaya tàbí àwọn ọlọ́mọ wà, tàbí nítòsí kọ́ńdọ́tọ̀. Tó bá tún bi yín, "Ẹ̀gbọ́n mi ń dúró dè mí" ti tó. Tí kò bá jáwọ́, ẹ pariwo kí àwọn tó kù gbọ́. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ lè fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ọlọ́pàá ojú irin ní 61016; 139 ni ti Íńdíà; 112 ń ṣiṣẹ́ káàkiri European Union. Nígbà míì, ẹ bèèrè yàrá obìnrin nígbà tí ẹ bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì. Nightjet, ọkọ̀ ojú irin òru ilẹ̀ Austria, ní in.

Ìbéèrè: Mo sùn kọjá ibi tí mo fẹ́ sọ̀, ilẹ̀ sì ti ṣú.

Ìdáhùn: Ẹ má bẹ́ sílẹ̀ ní ibùdókọ̀ tó kàn. Ó lè jẹ́ ibi tí iná kan ò sí, tí ọkọ̀ míì ò ní dúró níbẹ̀ títí àárọ̀. Ẹ wá kọ́ńdọ́tọ̀, kí ó sọ ibùdókọ̀ ńlá tí òṣìṣẹ́ wà lóru fún yín. Fún ìgbà míì, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé áláàmù kan ṣoṣo. Bí ọkọ̀ bá falẹ̀, àárín igbó ló máa jí yín sí, ẹ máa pa á, oorun á tún gbé yín lọ. Bó ṣe mú èmi náà nìyẹn. Tí àkọ́kọ́ bá ti dún, mo máa ń wo ibi tí ọkọ̀ dé lórí máàpù kí n tó ṣètò èkejì.