Kí ẹ tó ra owó bàbà onídírágónì ti Ṣáínà

Owó bàbà Ṣáínà àkọ́kọ́ tí mo rà, mo fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ fọ̀ ọ́. Ó dán yanran lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọ̀ dúdú tó ti ń wọ̀ ọ́ lára láti bí ọgọ́rùn-ún ọdún bá omi lọ, kò sì sẹ́ni tó lè dá a padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọ owó àtijọ́. Etí rẹ̀ ni kí ẹ fi ìka dì mú, ẹ má tẹ ojú rẹ̀.

Fún ohun tó ju ẹgbẹ̀rún ọdún méjì lọ, dídà ni àwọn ará Ṣáínà ń da owó: wọ́n á yọ́ bàbà tàbí idẹ, wọ́n á dá ihò onígun mẹ́rin sí i láàárín kí okùn lè gba ibẹ̀ kọjá. Zhang Zhidong, gómìnà àgbà ní ìpínlẹ̀ Guangdong, ló ra ẹ̀rọ ìtẹwó lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ Heaton ní Birmingham. Nígbà tó di 1900, ilé ìtẹwó Guangdong bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ tẹ 10 cash tí kò níhò (cash ni orúkọ owó kékeré oníhò yẹn, ẹyọ kan èyí sì dúró fún mẹ́wàá rẹ̀). Èrè tó wà níbẹ̀ pọ̀, nítorí bàbà inú owó náà kò tó iye tí wọ́n kọ sí i lára. Kíá ni àwọn ìpínlẹ̀ yòókù tẹ̀ lé e, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ títí ó fi pọ̀ jù. Ara owó Guangdong àkọ́kọ́ sọ pé ọgọ́rùn-ún rẹ̀ tó yuan kan, owó fàdákà. Kò pẹ́ tí ọgọ́rùn-ún kò fi tó mọ́.

Ìdíje yìí gan-an ló jẹ́ kí n fẹ́ràn wọn. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló gbẹ́ òǹtẹ̀ tirẹ̀, nítorí náà dírágónì wọn kò jọra. Ẹ wo ìpẹ́, ẹ wo èékánná, ẹ wo ìkúukùu tó yí i ká. Mo lè fi gbogbo alẹ́ wo dírágónì Hubei méjì pẹ̀lú awò tó ń mú nǹkan tóbi, kí n sì rí ìyàtọ̀ tí n kò rí lánàá. Ẹ ka lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀yìn rẹ̀ náà: Guangdong kọ́kọ́ kọ ONE CENT, ó wá yí i sí TEN CASH, Anhui ní èyí tó kọ ONE SEN.

Fún kíkà, ẹ yí i sí ojú kejì. Bí ẹ bá rí 光緒元寶, owó ọba Guangxu ni: ẹ kà á láti òkè sí ìsàlẹ̀, lẹ́yìn náà ọ̀tún, kí ẹ tó bọ́ sí òsì. Orúkọ ìpínlẹ̀ wà ní etí òkè, láti ọ̀tún sí òsì. Bí ó bá jẹ́ 大清銅幣, ìyẹn owó bàbà ìjọba Qing, ẹ wá lẹ́tà kékeré kan ní àárín gbùngbùn tó ń sọ ìpínlẹ̀. 鄂 ni Hubei, 粵 ni Guangdong. 川 ni Sichuan, òun ló rọrùn jù láti mọ̀, ilà mẹ́ta lóòró bíi pélé. Bí 丙午 bá wà lókè, ọdún 1906 ni.

Òṣùwọ̀n kékeré ṣe pàtàkì ju ìwé iye owó lọ. 10 cash tó péye sábà máa ń wọn nǹkan bíi gíráàmù 7.4, fífẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ bíi mìlímítà 28. Èyí tó ti gbó lè fúyẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá fi gíráàmù kan àtààbọ̀ dín, ẹ dá a padà. Bí òòfà bá gbé e, ayédèrú ni. Èyí tí wọ́n dà láìpẹ́ yìí máa ń ní ihò tín-tìn-tín lójú, ìpẹ́ dírágónì á sì rí bí ẹni pé wọ́n fi ìka pa á rẹ́.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Guangdong àti Hubei. Wọ́n pọ̀, wọn ò wọ́n, ojú yín á sì ti mọ òótọ́ kí ẹ tó dé ibi tí owó ńlá wà. Ẹ má tọ́jú wọn sínú ọ̀rá rírọ̀ tó ń rùn. Á sọ bàbà di àwọ̀ ewé tó ń lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́. Páálí gbígbẹ ni mo ń lò. Èyíkéyìí tó bá ń hu lẹ́búlẹ́bú aláwọ̀ ewé, ẹ yà á sọ́tọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.