Ojú ọjọ́ ni alárinà: bí ẹ ṣe lè ka ìwé ìfẹ́ Skọ́tlándì kékeré kan tán lálẹ́ ọjọ́ kan, kó sì dùn mọ́ yín

Ẹni tó bá lọ sẹ́kọ́ńdírì nígbà tí Mills & Boon ń ti ọwọ́ bọ́ sọ́wọ́ lábẹ́ tábìlì á mọ nǹkan tí mò ń sọ. Ìwé kan á wọ kíláàsì lọ́jọ́ Mọ́ńdè, tó bá fi máa di Fúráìdè èèpo ẹ̀yìn ẹ̀ ti já, gbogbo kíláàsì ti kà á yíká, ẹni tó ni ín gan-an ò mọ ọwọ́ ẹni tó wà mọ́. Ìfẹ́ irú ìwé yẹn ò kúrò lára mi látìgbà yẹn, àmọ́ ní báyìí tí iṣẹ́ àti ọmọ ti gba gbogbo àsìkò, ìwé olójú-ewé irínwó ti di ẹrù, ohun tí mo wá rí tó bá mi lára mu ni àwọn ìwé ìfẹ́ kékeré tí ìtàn wọn ṣẹlẹ̀ ní Skọ́tlándì, àwọn tó ń pani lẹ́rìn-ín, tí ẹnikẹ́ni ò ní kú nínú ẹ̀. Mo ti fún àwọn ọ̀rẹ́ mi kan kà, àwọn kan gbádùn ẹ̀, àwọn míì ní àwọn ò rí nǹkan kan níbẹ̀ ju ọkùnrin tó wọ síkẹ́ẹ̀tì lọ, mo sì mọ̀ dájú pé bí wọ́n ṣe kà á ló fà á. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí èmi ṣe ń kà á.

1. Ẹ wá alẹ́ kan sílẹ̀ fún un

Ìwé tí mò ń sọ yìí kì í gùn, bíi 20,000 sí 40,000 ọ̀rọ̀ ló máa ń jẹ́. Tẹ́ ẹ bá ń ka 200 ọ̀rọ̀ ní ìṣẹ́jú kan, tẹ́ ẹ ò tiẹ̀ sáré, ìwé 30,000 ọ̀rọ̀ á gbà yín ní wákàtí méjì ààbọ̀. Ìyẹn ni pé tẹ́ ẹ bá jẹun alẹ́ tán, tẹ́ ẹ fọ abọ́, táwọn ọmọ ti sùn, ẹ ṣì lè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ kẹ́ ẹ sì parí ẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́. Ẹ má pín in sí ọjọ́ mẹ́rin, ẹ jọ̀ọ́. Ìwé ńlá máa ń ráyè rán èèyàn létí ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sẹ́yìn, èyí ò ráyè, tẹ́ ẹ bá gbé e sílẹ̀ di Sátidé ẹ ó ti gbàgbé ohun tó ń bí obìnrin yẹn nínú, adùn ẹ̀ ti lọ nìyẹn. Tó bá jẹ́ orí fóònù lẹ fẹ́ ti kà á, ẹ ti cháàjì ẹ̀ sílẹ̀ nítorí iná. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní UK, káàdì láíbúrárì àdúgbò yín ọ̀fẹ́ ni, ẹ lè fi yá ìwé sórí fóònù láìjáde nílé.

2. Ẹ ka ẹ̀yìn ìwé dáadáa kẹ́ ẹ tó mú un

Nǹkan mẹ́ta ni mo máa ń wá lẹ́yìn ìwé: àsìkò wo nínú ọdún ni, inú ilé wo ni wọ́n máa wà, kí ló sì dé tí obìnrin yẹn ò fi ní lè padà sílé ẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Tí ẹ̀yìn ìwé bá dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo ti mú un nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká sọ pé obìnrin kan jogún ilé olódi tó ń jò lọ́wọ́ àǹtí ìyá ẹ̀ tí ò fojú rí rí, ó ní òun máa tà á, oṣù Disẹ́ńbà ni, ọkùnrin tó ń tọ́jú ilé náà ò sì fẹ́ kó tà á. Kíá, mo ti mọ̀ pé a máa rẹ́rìn-ín.

Ẹ ṣọ́ ọdún tí ìtàn ṣẹlẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí 1745 tàbí 1746, ẹ ti mọ̀ pé ogun ń bọ̀. Ọjọ́ 16 oṣù kẹrin ọdún 1746 ni wọ́n ja ogun Culloden nítòsí Inverness, àwọn ọmọ ogun ìjọba ṣẹ́gun àwọn tó ń jà fún Charles Edward Stuart, ọmọ ọba tó ń du ìtẹ́ fún ìdílé ẹ̀, láàárín nǹkan bíi wákàtí kan, lẹ́yìn ẹ̀ ni wọ́n ṣòfin pé ọkùnrin tàbí ọmọdékùnrin kankan ò gbọ́dọ̀ wọ aṣọ àwọn ará òkè Skọ́tlándì mọ́, àfi tó bá jẹ́ sójà ìjọba, wọn ò sì fagi lé òfin náà títí di 1782. Ìwé tó bá wọ ibẹ̀, ẹkún ló ń mú wá, ó dáa, àmọ́ kì í ṣe ti alẹ́ tá à ń sọ yìí. Ṣùgbọ́n ẹ fi ọ̀rọ̀ aṣọ yẹn sọ́kàn, òun ló jẹ́ kí kilt, síkẹ́ẹ̀tì ọkùnrin tó wà lára aṣọ yẹn, wúwo ju aṣọ lásán lọ lójú wọn. Aṣọ tí wọ́n ti fòfin bọ́ lọ́rùn bàbá ńlá èèyàn rí, tó bá wá wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ ìgbéyàwó ẹ̀, ọ̀tọ̀ ni bó ṣe máa dúró nínú ẹ̀. Ọjọ́ ìgbéyàwó, ọjọ́ ijó, ọjọ́ ọdún ni púpọ̀ nínú wọn sì ń wọ̀ ọ́ lóde òní, bá a ṣe ń wọ agbádá. Ìwé tí ọkùnrin ti ń wọ kilt kó ìgbẹ́ màálù láràárọ̀, ẹni tó kọ ọ́ ò mọ ibẹ̀, ẹ dá a padà.

Tó bá jẹ́ ti ayé àtijọ́ náà ló wù yín, ẹ wá èyí tó ní Gretna Green nínú. Ìlú kékeré ni, ẹnu ààlà ló wà téèyàn bá ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bọ̀. Òfin kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1754 tó jẹ́ kí ó ṣòro gan-an fún ọmọ tí ò tíì pé 21 láti ṣègbéyàwó táwọn òbí ò bá fọwọ́ sí i, Skọ́tlándì ò sí lábẹ́ òfin yẹn, kí ọkùnrin àti obìnrin ṣáà ti sọ níwájú ẹlẹ́rìí pé àwọn fẹ́ra ti tó. Báwọn ọmọ olówó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sá lọ síbẹ̀ nìyẹn, ẹṣin ń sáré, bàbá ìyàwó ń lé wọn bọ̀ lẹ́yìn, alágbẹ̀dẹ á so wọ́n pọ̀, á fi òòlù lu irin gbàù, ó parí. Àfìgbà tó di 1856 tí wọ́n ní ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ ti gbé Skọ́tlándì fún ọjọ́ 21 kó tó ṣeé ṣe. Èmi ọmọ Yorùbá tí mo mọ ohun tí irin jẹ́ nílé wa, tí mo mọ̀ pé àwọn kan ń fẹnu kan irin búra ní kóòtù dòní, mi ò lè fi ojú lásán wo alágbẹ̀dẹ tó ń so yìgì. Ara mi máa ń bù máṣọ tí mo bá ka ibẹ̀.

3. Ẹ máa wo ojú ọjọ́, ẹ má wo ọkùnrin yẹn nìkan

Ibí yìí ló ṣe pàtàkì jù, òun gan-an sì làwọn ọ̀rẹ́ mi ń fò. Nínú àwọn ìwé yìí, ojú ọjọ́ ni alárinà. Kò sí ẹ̀gbọ́n tó máa lọ bá ọmọbìnrin sọ̀rọ̀, kò sí ìyá tó máa ránṣẹ́, òjò àti atẹ́gùn ló ń ṣe é.

Ẹ wò ó báyìí. Erékùṣù kékeré kan, obìnrin kan ti Glasgow wá síbẹ̀ fún ọjọ́ méjì péré, báàgì kan, bàtà tí ò bá ẹrẹ̀ mu. Lọ́jọ́ tó yẹ kó lọ, ó dé etí omi, bàbá tó wà níbẹ̀ mirí: atẹ́gùn ti pọ̀ jù, ọkọ̀ ò ní wá lónìí, bóyá lọ́la. Nílé wa níbí tí bọ́ọ̀sì bá já wa sílẹ̀, ọ̀kadà wà, tí ọ̀kadà ò bá sí a ó bẹ onímọ́tò kó gbé wa. Níbẹ̀ yẹn kò sí, omi ló yí wọn ká. Ó bá pa dà, òjò ń gbá a lójú láti ẹ̀gbẹ́, kò tiẹ̀ ti òkè wá, ó pa dà sí ilé tó ti bá onílé jà láàárọ̀. Ọkùnrin yẹn ṣílẹ̀kùn, kò sọ nǹkan kan. Ó bọ́ súwẹ́tà ẹ̀ tó ti rin, tó ń rùn bí àgùntàn, ó fi kọ́ ẹ̀yìn àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, ó gbé kẹ́tù kaná, ó wá mú ife méjì sílẹ̀. Méjì o. Láàárọ̀, ọ̀kan ló mú.

Tẹ́ ẹ bá sáré kọjá ife yẹn torí ẹ̀ ń wá ibi tí wọ́n ti máa fẹnu kora lẹ́nu, ẹ ti sọ ìwé nù. Gbogbo ìfẹ́ yẹn, irú nǹkan kéékèèké báyìí ló fi ń rìn: ta ló fi igi síná, ta ló gbọn òjò kúrò lára ẹ̀wù ta ni, ta ló ti mọ̀ pé ṣúgà méjì ni tẹ̀yẹn ń mu. Mo máa ń ka ìran bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Àsìkò náà ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Ní Lerwick, ní erékùṣù Shetland lókè pátápátá, ojúmọmọ ò tó wákàtí mẹ́fà láàárín oṣù Disẹ́ńbà, ilẹ̀ á mọ́, kẹ́ ẹ tó jẹun ọ̀sán tán dáadáa ilẹ̀ ti fẹ́ ṣú, kí lẹ fẹ́ lọ ṣe níta? Inú kíṣìnì kan náà ni gbogbo wọn máa wà. Nínú oṣù Júùnù ẹ̀wẹ̀, ojúmọmọ máa ń fẹ́ tó wákàtí mọ́kàndínlógún níbẹ̀, òru ọ̀hún ò tiẹ̀ ṣókùnkùn tán, simmer dim ni wọ́n ń pe ìmọ́lẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ yẹn. Ìdí nìyẹn tí ìwé ìgbà òtútù fi máa ń wà nínú ilé, tí ti Júùnù máa ń wà létí òkun, èèyàn méjì ń rìn láago mọ́kànlá alẹ́, kò sẹ́ni tó rántí oorun.

4. Ẹ ka àwọn ọ̀rọ̀ wọn sókè

Díẹ̀ lẹ nílò. Wee ni kékeré, aye ni bẹ́ẹ̀ ni, lass ni ọmọbìnrin, bairn ni ọmọ, ken ni mọ̀, dreich sì ni ọjọ́ tó tutù tó ṣú tí òjò ń rọ winniwinni látàárọ̀ dalẹ́. Loch ni adágún, glen ni àfonífojì, ben ni òkè. Ceilidh tí wọ́n kọ bẹ́ẹ̀ yẹn, kéèlì ni wọ́n ń pè é, òde ijó ni, tó bá ti wà nínú ìwé ẹ múra, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa kọ́kọ́ di ara wọn lọ́wọ́ mú. Mo chridhe ni ọkàn mi, tí ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ bá sọ ọ́, ó ti tán nìyẹn. Laird kì í ṣe ọba o, onílẹ̀ ni, òrùlé ẹ̀ sì lè máa jò.

Èyí tó wọ̀ mí lára jù ni clan. Látinú clann ló ti wá ní èdè Gaelic, ìtumọ̀ ẹ̀ sì ni ọmọ. Mac náà, ọmọkùnrin ni, MacDonald ni ọmọ Donald. Àwa tá à ń kira wa ní ọmọ lágbájá látàárọ̀, ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yẹn yé wa ju ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ka ìwé yìí lọ, torí tẹ́ ẹ bá ti mọ̀ ọ́n, ẹ ó rí i pé ọkùnrin tó ní òun ò ní ta ilé yẹn, kì í ṣe agídí ló ń ṣe.

5. Ẹ fara balẹ̀ níbi oúnjẹ àti ọdún

Haggis kì í ṣe ẹ̀rù. Ọkàn, ẹ̀dọ̀ àti fùkù àgùntàn ni, wọ́n á gé e wẹ́wẹ́ pọ̀ mọ́ àlùbọ́sà, óòtì àti ọ̀rá, wọ́n á dì í sínú àpòlúkù, wọ́n á bọ̀ ọ́. Àlejò tó ti London wá máa ń sá fún un nínú ìwé, ẹni tó bá ti ń jẹ inú ẹran láti kékeré ò ní mọ ohun tó ń sá fún. Alẹ́ ọjọ́ 25 oṣù kìíní ni wọ́n ń jẹ ẹ́ jù, ní ìrántí Robert Burns akéwì wọn tí wọ́n bí ní 1759, wọ́n á sì kéwì fún oúnjẹ náà kí wọ́n tó jẹ ẹ́.

Àmọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ èyí tó máa dùn yín wọra, ẹ wá ti Hogmanay, ìyẹn alẹ́ ọjọ́ 31 oṣù Disẹ́ńbà. Títí di 1958 Kérésìmesì ò tiẹ̀ jẹ́ ọjọ́ ìsinmi ìjọba lọ́dọ̀ wọn, ọdún tuntun ni wọ́n ń ṣe gidi. Ẹni tó bá kọ́kọ́ tẹsẹ̀ wọlé lẹ́yìn aago méjìlá òru ló ń gbé oríire ọdún wọlé, wọ́n fẹ́ kó jẹ́ ọkùnrin tó ga, tírun ẹ̀ dúdú, tó mú èédú lọ́wọ́ kí iná ilé má kú, bísíkíìtì oníbọ́tà kébi má wọlé, àti wisikí. Àwa náà kúkú mọ ẹlẹ́sẹ̀ ire. Nítorí náà tí aago bá lù nínú ìwé, tí ẹnì kan kanlẹ̀kùn, tí obìnrin yẹn dìde lọ ṣí i, ẹ má fi nǹkan kan dí ara yín lọ́wọ́.

6. Tí wọ́n bá jà, ẹ má gbé e sílẹ̀

Tó bá kù bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìwé, wọ́n máa jà. Ọkọ̀ ti wá, ojú ọjọ́ ti là, alárinà ti ṣe tiẹ̀ tán, ọ̀nà ti ṣí, ó ti di ọwọ́ àwọn fúnra wọn bóyá wọ́n máa dúró àbí wọ́n máa lọ. Àwọn kan máa ń bínú níbẹ̀ pé àwọn ṣáà ti mọ̀ pé wọ́n máa fẹ́ra. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ mọ̀ ọ́n. Nígbà tá a wà lọ́mọdé tí wọ́n ń pa àlọ́ fún wa, ṣé a ò mọ̀ pé ọwọ́ máa tẹ Ìjàpá ni? A mọ̀, a sì tún gbe orin lẹ́ẹ̀kan sí i, torí bọ́wọ́ ṣe máa tẹ̀ ẹ́ la fẹ́ gbọ́. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ wò níbẹ̀ ni ta ló kọ́kọ́ tọrọ àforíjì, ṣé ó sì mọ ohun tó ṣe. Tí ọkùnrin yẹn bá kàn gbé òdòdó wá láìsọ ohun tó ṣe, òǹkọ̀wé yẹn ti ṣe mí ní ìjàm̀bá, mi ò ní ra tiẹ̀ mọ́.

7. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá kà á tán

Ẹ ṣí máàpù kẹ́ ẹ wá ibẹ̀. Àwọn abúlé inú ìwé sábà máa ń jẹ́ àfinúrò, àmọ́ òkun àti òkè tó yí wọn ká wà lóòótọ́. Wigtown wà ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn, òun ni wọ́n yàn ní ìlú ìwé Skọ́tlándì ní 1998, ṣọ́ọ̀bù ìwé kan sì wà níbẹ̀ tí àlejò lè háyà yàrá tó wà lókè ẹ̀ kó máa fọwọ́ ara ẹ̀ ta ìwé nísàlẹ̀ fún odidi ọ̀sẹ̀ kan, bẹ́ẹ̀ ẹ ó ti rò pé inú ìwé ìfẹ́ nìkan nirú ẹ̀ ti lè ṣẹlẹ̀.

Tó bá jẹ́ ti òtútù lẹ kọ́kọ́ kà, ti ẹ̀ẹ̀rùn ni kẹ́ ẹ kà tẹ̀ lé e. Nínú ìyẹn, ẹ wá midges, kòkòrò tín-ín-tín kan tó ń jẹni ní òkè ibẹ̀ tílẹ̀ bá ti ń ṣú tí atẹ́gùn ò sì fẹ́. Òǹkọ̀wé tó bá mú olólùfẹ́ méjì jókòó lẹ́bàá loch nírọ̀lẹ́ oṣù Júlàì tí ẹnì kankan ò gbá ọrùn ara ẹ̀, kò tíì débẹ̀ rí.