Owó tí mo ná kí n tó rí ìtàn Portlaoise kó jọ

Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, inú ṣì ń bí mi. Ìwé pẹlẹbẹ kan ni mo fẹ́ ṣe fún àwọn ọmọ wa tó ń dàgbà ní Portlaoise, lórílẹ̀-èdè Ireland, kí wọ́n mọ ìtàn ìlú tí wọ́n ń gbé. Owó tó bá a lọ lé ní ọgọ́rùn-ún yúrò, bẹ́ẹ̀ ọ̀fẹ́ ni ohun tí mo ń wá.

Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò le. Ilẹ̀ ìdílé O'More ni agbègbè yẹn kí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó wá mọ odi síbẹ̀ ní nǹkan bí 1548. Díẹ̀ lára ògiri odi náà ṣì wà láàrin ìlú. Wọ́n fi orúkọ Ọbabìnrin Mary pe ìlú náà ní Maryborough, wọ́n pe gbogbo agbègbè náà ní Queen's County. Ní 1570, Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní fún ìlú náà níwèé àṣẹ tó sọ ọ́ di ìlú tó ń ṣàkóso ara rẹ̀. Rélùwéè dé ní 1847, nígbà tí ìyàn ń pa àwọn ará Ireland lọ.

Àmọ́ èmi ò fẹ́ ìtàn ọbabìnrin nìkan. Mo fẹ́ mọ ẹni tó ń tajà ní Market Square, ẹni tó ń ṣe bàtà, ẹni tó ń rọ irin. Ibẹ̀ ni wàhálà ti dé. Iléeṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì kan ní àwọn ní ìwé ìkànìyàn 1901, mo sanwó. Mo tẹ "Portlaoise", kò mú nǹkan kan jáde. Mo tẹ "Laois", orúkọ tí Queen's County ń jẹ́ báyìí, òfo. Mo kọ̀wé sí wọn, wọ́n ní kí n sún sí ìpele tó wọ́n jù. Mo tún san án, òfo náà ni! Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ẹ̀yìn òmìnira 1922 ni wọ́n pa orúkọ méjèèjì dà, pé orúkọ àtijọ́ ló wà nínú ìwé. Ìtàn Ireland ni wọ́n ń tà o, wọn ò sì lè sọ ìyẹn fún oníbàárà!

Obìnrin kan ní ilé ìkàwé ló gbà mí. Ó ní ìkànìyàn 1901 àti 1911 wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì àwọn tó ń tọ́jú ìwé ìjọba Ireland. Ó tún là á yé mi pé wọ́n ti lọ bébà ìkànìyàn 1881 àti 1891 kúnná nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, pé púpọ̀ nínú àwọn tó ṣáájú wọn jóná ní Dublin ní 1922. Ẹnikẹ́ni tó bá ní òun fẹ́ ta ìkànìyàn 1881 fún yín, ẹ má dá a lóhùn.

Mo tẹ "Maryborough", ilẹ̀kùn ṣí. Fọ́ọ̀mù ilé kọ̀ọ̀kan ló wà níbẹ̀: orúkọ, ẹ̀sìn, iṣẹ́ ọwọ́, ẹni tó mọ̀wé kà. Wọ́n tilẹ̀ ka fèrèsé tó kọjú síta, wọ́n sọ bóyá koríko ni wọ́n fi bo òrùlé. Inú mi dùn dé góńgó.

Rotimi Adebari ni mo fi kádìí ìwé náà: ó ti Nàìjíríà dé Ireland ní 2000, nígbà tó fi di 2007 ó ti di mẹ́yọ̀ Portlaoise, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó jẹ mẹ́yọ̀ ní Ireland. Orí mi wú bí mo ṣe ń kọ ọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fi káàdì yín sórí irú ìkànnì bẹ́ẹ̀, ẹ yọ ọ́ lónìí. Èmi àti báǹkì ṣì ń fà á lórí owó tí iléeṣẹ́ náà yọ lóṣù tó kọjá.