Bí A Ṣe Ń Mọ̀ Bóyá Fíìmù Ẹranko Tó Ń Pani Lẹ́kún Yẹ Ọmọ Kékeré

Tí ilé-ìwé bá ti gba họlidé, tí àwọn ọmọ tó wà ní Èkó àti Ìbàdàn bá ti dé bá ìyá àgbà ní Adó-Èkìtì tàbí Ìkọ̀lé, tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo ni gbogbo wọn máa ń pé lé lórí. Ẹni ọdún mẹ́tàlá ló máa mú fíìmù, ẹni ọdún mẹ́rin á sì jókòó tì í. Bó bá ti jẹ́ fíìmù ajá tàbí ti kìnnìún, àwa àgbà kì í bìkítà. Ṣebí ẹranko ni, kò sí ìhòòhò níbẹ̀, kò sí ìbọn, ti ọmọdé ni. Kò ní pẹ́ tí ẹkún á fi sọ.

Ẹkún fúnra rẹ̀ kò burú. Iṣẹ́ jẹ́lé-ó-sinmi ni mò ń ṣe, mo sì mọ̀ pé ọmọ tó sunkún nítorí ajá inú fíìmù, àánú ló ṣe é, àánú sì dára lára ọmọ. Ohun tó yẹ ká ṣọ́ra fún ni ẹ̀rù tó bá wọ ọmọ lọ́kàn tí kò rí ẹni bá a sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Torí náà, kí ẹ má bi ara yín bóyá fíìmù yìí máa pa ọmọ lẹ́kún. Ẹ bi ara yín pé kí ló máa kù sí i lọ́kàn lálẹ́, nígbà tí ẹ bá ti pa tẹlifíṣọ̀n.

1. Ẹ má fi àmì ọjọ́ orí nìkan ṣe ìpinnu

Ní Nàìjíríà, àjọ NFVCB, tí òfin ọdún 1993 dá sílẹ̀, ló ń yẹ fíìmù wò tó sì ń fún un ní àmì: G fún gbogbo ènìyàn, PG tí òbí ní láti mójú tó, lẹ́yìn náà 12, 12A, 15 àti 18. Àwọn ará Amẹ́ríkà náà ní G àti PG tiwọn, èyí tí ẹ máa rí lára ọ̀pọ̀ fíìmù òyìnbó. Àmì wọ̀nyí wúlò, ṣùgbọ́n ìwà ipá, èébú, ìhòòhò àti oògùn olóró ni wọ́n ń wò jù. Wọn kì í wọn ìbànújẹ́.

Ẹ wo Hachi: A Dog's Tale tó jáde ní 2009. Ajá kan máa ń sin ọ̀gá rẹ̀ dé ibùdókọ̀ ojú irin láràárọ̀, á tún lọ pàdé rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá kú sẹ́nu iṣẹ́. Ajá náà ò mọ̀, ó ń lọ dúró dè é lójoojúmọ́ títí ó fi darúgbó. Ìtàn tó ṣẹlẹ̀ ní Japan lóòótọ́ ni wọ́n gbé e kà: Hachikō ni wọ́n ń pe ajá náà, ọ̀jọ̀gbọ́n tó ni ín kú ní 1925, òun náà kú ní 1935, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún mẹ́wàá tó fi ń retí rẹ̀ ní ibùdókọ̀ Shibuya. Kò sí ẹ̀jẹ̀ nínú fíìmù yẹn, kò sí èébú. G ni wọ́n fún un ní Amẹ́ríkà. Àgbàlagbà tó wò ó kì í sábà gbójú gbígbẹ kúrò nídìí rẹ̀.

2. Ẹ ka bí ìtàn náà ṣe lọ kí ẹ tó tan án

Kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ lórí fóònù, kò sì jẹ dátà púpọ̀ torí ọ̀rọ̀ lásán ni. Ẹ lè ka àkópọ̀ ìtàn lórí Wikipedia, dé ìparí. Common Sense Media máa ń sọ ọjọ́ orí tí wọ́n rò pé fíìmù kan yẹ, wọ́n sì máa ń ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Ojú-ewé kan tún wà tó ń jẹ́ Does the Dog Die. Bóyá ajá máa kú nínú fíìmù ni ìbéèrè tó fún un lórúkọ, ó sì ti fi oríṣiríṣi ìbéèrè míì kún un.

3. Ẹ wo irú ìbànújẹ́ tó wà nínú rẹ̀

Ibí ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù. "Ẹnì kan kú níbẹ̀" kò tíì tó láti fi dá fíìmù dúró tàbí láti fi jẹ́ kó kọjá. Ẹ wo ẹni tó kú, bóyá òbí ni. Ẹ wo bóyá ojú ọmọ ló ṣe. Ẹ wo bóyá wọ́n di ẹ̀bi ru ọmọ náà. Kí ẹ sì wo bí ìtùnú ṣe pẹ́ tó kó tó dé.

The Lion King ti ọdún 1994 náà gba G. Nínú rẹ̀, bàbá kú lójú ọmọ rẹ̀, ọmọ ń jí i, kò jí, àbúrò bàbá tó jẹ́ apààyàn sì sọ fún ọmọ pé òun ló fà á. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ ẹ̀bi yẹn lágbára ju ikú náà lọ fún ọmọ kékeré, torí àwọn ọmọ ọdún mẹ́rin, márùn-ún máa ń rò pé ohun burúkú tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé, àwọn ló fà á. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí orin àti ẹ̀fẹ̀ fi dé, ọmọ kìnnìún rí ọ̀rẹ́, ó dàgbà, òtítọ́ sì hàn. Ti Hachi ò rí bẹ́ẹ̀. Ikú ti dé nígbà tí fíìmù ṣì kù rẹpẹtẹ, ohun tó kù sì jẹ́ ìdúródè. Ọmọ kékeré ò ní sùúrù fún irú ìbànújẹ́ tó ń falẹ̀ bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò lè rí ẹwà tí àgbà ń rí nínú rẹ̀. Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́jọ, mi ò ní gbé e síwájú rẹ̀.

Ẹ má fojú kékeré wo ìpínyà. Ọmọ ajá tó sọnù lọ́jà, erin tí wọ́n mú kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀: ikú lè má sí níbẹ̀ rárá, kí ọmọ ọdún mẹ́ta sì wárìrì. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà ní Èkìtì níbí tí màmá wọn ń ṣiṣẹ́ ní Èkó. Irú wọn ò ní wo ọmọ erin yẹn bí ẹranko.

Ẹ tún wò bóyá yíyà ni wọ́n ya ẹranko náà tàbí ó jọ ti gidi. Nígbà tí wọ́n tún The Lion King ṣe ní 2019, tí kìnnìún ibẹ̀ wá dà bí èyí tí èèyàn lè bá pàdé nínú igbó, PG ni wọ́n fún un, bẹ́ẹ̀ ìtàn kan náà ni.

4. Ẹ fi ọmọ tó wà nílé yín wọ̀n ọ́n

Ọmọ tí kò tíì tó ọdún márùn-ún kì í sábà mọ̀ pé ẹni tó kú kì í padà. Á sunkún, lẹ́yìn náà á bi yín ìgbà tí ajá náà máa jí. Láàárín ọdún márùn-ún sí méje ni ọ̀rọ̀ náà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í yé wọn, ìgbà yẹn gan-an ni ẹ̀rù sì lè bẹ̀rẹ̀, torí wọ́n á rò ó dé ọ̀dọ̀ màmá àti bàbá.

Àgbà míì á ní, "Ṣebí ojú rẹ̀ la ṣe ń pa adìyẹ nígbà Kérésì, kí ló kàn án nínú ajá òyìnbó?" Adìyẹ tí a rà lọ́jọ́ ọjà tí a pa lọ́jọ́ kejì kò lórúkọ lẹ́nu ọmọ. Ẹ wo ọmọ tí wọ́n mú àgbò Iléyá wálé tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ọdún, tó ń kó èèpo iṣu fún un láràárọ̀ kó tó wọ yunifọ́ọ̀mù, tó ti sọ ọ́ lórúkọ, tó ń fọwọ́ pa á lórí láàárín ìwo méjèèjì. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè má fẹnu kan ẹran lọ́jọ́ ọdún. Ohun tí fíìmù ẹranko ń fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣe nìyẹn: á fún ẹranko lórúkọ, á fi ìyá rẹ̀ hàn wá, á jẹ́ ká rí i níbi tó ti ń ṣeré. Torí náà, ọmọ-ọmọ ọdẹ tó ń bá ajá bàbá àgbà ṣeré lẹ́yìnkùlé lè sunkún ju ọmọ tí kò sún mọ́ ajá rí lọ.

Bí ẹnì kan bá kú nínú ẹbí láìpẹ́, tàbí ajá ilé sọnù, tàbí wọ́n ta ewúrẹ́ tó fẹ́ràn láti fi san owó ilé-ìwé, ẹ jẹ́ kí fíìmù náà dúró ná.

Ohun kan tún wà tó jẹ́ tiwa. Nínú A Dog's Purpose, tó jáde ní 2017, ajá ń kú, ó sì ń padà wáyé ní ajá míì, léraléra. Ọmọ tó ń jẹ́ Yétúndé, tí wọ́n ti sọ fún pé ìyá àgbà ló padà wá, lè máà rí nǹkan àjèjì níbẹ̀ rárá. Ó sì lè bi yín lórí oúnjẹ bóyá òun náà ti kú rí. Ẹ ti mọ ohun tí ẹ máa sọ kó tó béèrè.

5. Ẹ kọ́kọ́ wò ó, kí ẹ sì fetí sí èdè rẹ̀

Tí àyè ò bá sí láti wo gbogbo rẹ̀, ẹ wá ibi tó burú jù, kí ẹ kọ ìṣẹ́jú rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ wo ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan láìsí ohùn, kí ẹ tún wò ó pẹ̀lú ohùn. Ẹ máa rí i pé orin ló ń ṣe púpọ̀ nínú ẹkún náà. Lọ́jọ́ tí àwọn ọmọ bá ń wò ó, ẹ lè dín ohùn kù níbẹ̀, agbára rẹ̀ á rọ̀.

Ọ̀rọ̀ èdè ló jẹ mí lógún jù. Gẹ̀ẹ́sì ni púpọ̀ nínú fíìmù wọ̀nyí ń sọ, Gẹ̀ẹ́sì Amẹ́ríkà tó ń sáré. Ọmọ ọdún mẹ́rin tó jẹ́ pé èdè Èkìtì ni ìyá àgbà ń bá a sọ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ kò gbọ́ ju díẹ̀ lọ níbẹ̀. Ìbànújẹ́ sì wà nínú àwòrán àti orin, gbogbo ojú ló ń rí i. Inú ọ̀rọ̀ ẹnu ni ìtùnú wà. "Ara rẹ̀ á yá," "Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ," "A máa wá a rí": kò sí èyí tí àwòrán lè sọ. Ọmọ tí kò gbọ́ èdè gba ìbànújẹ́ lódindi, ìtùnú kọjá lórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kọ sísàlẹ̀ kò ràn án lọ́wọ́, kò tíì mọ̀wé kà.

Mo rí i ní pálọ̀ kan ní Ìkẹ́rẹ́. Kìnnìún ti ṣubú, ọmọ rẹ̀ ń forí tì í. Èyí tó kéré jù nínú àwọn ọmọ tó ń wò ó béèrè pé, "Kí ló dé tí bàbá ẹ̀ ò dìde?" Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kó dákẹ́, òun ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Ó tún béèrè, wọ́n tún pa á lẹ́nu mọ́. Ó bá fi etí ìró màmá rẹ̀ bojú. Nígbà tí orin àti ẹ̀rín fi máa dé, kò yọjú mọ́, kò sì mọ̀ pé nǹkan ti dára.

6. Ẹ jókòó tì wọ́n

Àwọn àgbà wa pàlọ́ tí ikú wà nínú rẹ̀ fún wa. Ìtàn ajá tó gbé ìyá rẹ̀ pamọ́ sọ́run nígbà ìyàn, tí àwọn ẹranko tó kù pa ìyá tiwọn jẹ, kì í ṣe ìtàn kékeré. Ṣùgbọ́n apàlọ́ ń wo ojú ọmọ. Bó bá rí ẹni tó ń fà sẹ́yìn, á yára dá orin, gbogbo ilé á gbè é. Fíìmù ò lójú tó fi ń woni, nítorí náà ẹ̀yin lẹ máa wò wọ́n. Ẹ máa sọ ìtùnú náà ní Yorùbá bó ṣe ń lọ. Ẹ sọ fún àwọn ẹ̀gbọ́n ṣáájú pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ pa ọmọ tó ń béèrè nǹkan lẹ́nu mọ́.

Ẹni tó kéré jù ni kí ẹ fi yan fíìmù. Ojúmọmọ dára ju alẹ́ lọ. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ ní 2019 pé kí ọmọ ọdún méjì sí mẹ́rin má wo tẹlifíṣọ̀n tàbí fóònù ju wákàtí kan lọ lójúmọ́, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ fíìmù ń lọ sí wákàtí kan ààbọ̀. Tí ẹ bá máa dá a sí méjì, ibi tí inú ẹranko náà ti ń dùn ni kí ẹ ti dá a dúró.

Kí ẹ sì rántí iná. Bí iná bá lọ nígbà tí ajá ti sọnù tí wọn ò tíì rí i, ibẹ̀ ni fíìmù parí sí fún ọmọ náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹ ti mọ ìparí rẹ̀ kí ẹ lè fẹnu sọ ìyókù.

7. Ìgbà tó yẹ kí ẹ pa á

Ọmọ tó ń sunkún tí ojú rẹ̀ ṣì wà lára tẹlifíṣọ̀n, tó ń béèrè nǹkan, kò séwu. Èyí tó dákẹ́ lójijì, tó di etí, tí ara rẹ̀ le, tó ń lọ tọ̀ léraléra, ti fẹ́ kúrò níbẹ̀ ni. Ẹ pa á, kí ẹ gbé e mọ́ra, kí ẹ sì fi ìparí tó dára hàn án bí ó bá wà. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún ọmọkùnrin pé ọkùnrin kì í sunkún.

Tó bá bi yín nípa ikú, ẹ má sọ pé ajá náà sùn, kó má lọ bẹ̀rù àtisùn. Ẹ ní, "Ó ti kú. Kò lè mí mọ́, kò lè jẹun mọ́, nǹkan kan ò sì dùn ún mọ́." Kí ẹ fi kún un pé eré ni ajá tó wà níbẹ̀ ń ṣe. Ó lè béèrè ohun kan náà fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ máa dá a lóhùn bákan náà. Tó bá ń ta jí lóru tàbí tó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sílé, tó sì di ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí kò dáwọ́ dúró, ẹ mú un lọ rí dókítà ọmọdé.

Àwọn ọmọ kan á ní àwọn tún fẹ́ wò ó lọ́jọ́ kejì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wò ó, kí ẹ tún wà níbẹ̀. Èyí tó bá ní òun ò fẹ́ mọ́, ẹ kìlọ̀ fún àwọn ẹ̀gbọ́n pé kí wọ́n má fi í ṣe yẹ̀yẹ́, kí ẹ sì yọ fíìmù náà kúrò lórí fóònù tó máa ń gbé.