Ilẹ̀ ọkọ̀ tó dógùn-ún: èyí tí mo fọwọ́ ara mi ṣe àti èyí tí mo gbé fún wẹ́dà

Kápẹ́ẹ̀tì iwájú ọkọ̀ mi kì í gbẹ, ó sì ń rùn. Nígbà tí mo ká a, irin abẹ́ rẹ̀ ti dógùn-ún. Mo ha á, mo kùn ún lọ́dà. Kò pẹ́ tí ọ̀dà náà fi wú. Mo fi fáíbà lẹ ojú ihò, omi tún gba abẹ́ rẹ̀ wọlé.

Súkúrúdíráfà ló là mí lójú. Mo yọ àga, mo ń fi ẹnu rẹ̀ gún irin káàkiri. Níbi tó bá dún gan-an tí kò wọlé, òkè lásán ni ìpáàrà wà: mo fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á títí irin fi ń dán, mo fi oògùn ìpáàrà pa á, mo sì kùn ún.

Àmọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ àga, níbi tí bẹ́líìtì so mọ́, ńṣe ló ń rún wómúwómú. Ibẹ̀ ló ń di èèyàn mú bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan. Mi ò lè fi ẹ̀mí ẹnikẹ́ni dánra wò. Wẹ́dà ló gé e dé ibi tí irin ti le, tó jó tuntun sí i. Kó tó tan iná, a tú orí bátìrì, a sì yẹ páìpù epo àti ti bíréèkì wò lábẹ́.

Lẹ́yìn náà ni mo da omi sójú gíláàsì iwájú kí n lè mọ ibi tí omi ń gbà wọlé: rọ́bà rẹ̀ ló ń jò. Mo pààrọ̀ rẹ̀, kápẹ́ẹ̀tì sì ti gbẹ látìgbà náà. Tìrẹ lè jẹ́ rọ́bà ilẹ̀kùn tàbí ihò omi ẹ́síì tó dí.