Dichloromethane la fẹ́, carbon tetrachloride ló ń pọ̀ jáde, kí ló fà á?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ọ̀gá wa, gáàsì methane àti chlorine la fi ń ṣe dichloromethane, ìyẹn kẹ́míkà olómi tó ń yọ́ ọ̀rá àti ọ̀dà, ṣùgbọ́n láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan carbon tetrachloride ti ń pọ̀ sí i, nígbà tá a sì ṣí riákítọ̀, ìyẹn ìkòkò ńlá tá a ti ń po wọ́n pọ̀, a bá nǹkan dúdú tó lẹ̀ mọ́ inú ẹ̀, tó ń kun èèyàn lọ́wọ́ bí èédú ìdí ìkòkò. Àwọn kan ní ká dín ooru kù. Ṣé ká ṣe bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì fọwọ́ kan ooru o! Chlorine kì í mú hydrogen kan kúrò lára methane kó wá dúró, methyl chloride tó bá rí ló tún máa dojú kọ, ìyẹn á di dichloromethane, á di chloroform, títí táá fi kan carbon tetrachloride tí hydrogen ò sí lára ẹ̀ mọ́. Ohun tó ń dá a dúró ni kí methane pọ̀ jù ú lọ dáadáa, ìdí nìyẹn tá a ṣe máa ń dá methane tí ò tíì ṣiṣẹ́ padà sẹ́nu riákítọ̀. Kọmpirẹ́sọ̀, ẹ̀rọ tó ń ti gáàsì, tó ń dá a padà yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ lọ wò, kẹ́ ẹ wá yẹ mítà chlorine wò bóyá ó ń purọ́ fún yín.

Nǹkan dúdú yẹn, carbon ni. Ẹnu tí chlorine ń gbà wọlé ti lè dí lápá kan, kò pò dáadáa mọ́, ó ń kóra jọ sójú kan, ibẹ̀ á gbóná kọjá 400 sí 500 Celsius tá a fẹ́, methane á sì jó di carbon. Tẹ́ ẹ bá wá dín ooru kù, chlorine lè má ṣiṣẹ́ tán, á kóra jọ pẹ̀lú methane níwájú, ìyẹn sì lè bú gbàmù.

Ìbéèrè: Ṣé a ò lè sè wọ́n kí ọ̀kọ̀ọ̀kan hó jáde, ká fi yà wọ́n sọ́tọ̀ lásán?

Ìdáhùn: Ẹ lè yà wọ́n, dichloromethane ń hó ní 40 Celsius, chloroform ní 61, carbon tetrachloride ní nǹkan bíi 77. Àmọ́ kí lẹ fẹ́ fi carbon tetrachloride yẹn ṣe? Àdéhùn Montreal ti 1987 ti ká a lọ́wọ́ kò torí ó ń ba ozone tó ń dáàbò bò wá lọ́wọ́ ìtànṣán oòrùn jẹ́.

Ìbéèrè: Páìpù gáàsì hydrogen chloride, èyí tó ń jáde bí chlorine ṣe ń mú hydrogen kúrò lára methane, náà ti ń jẹrà.

Ìdáhùn: Omi ti wọ̀ ọ́ nìyẹn. Tó bá gbẹ, kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ irin, ẹ̀kán omi díẹ̀ ló ń sọ ọ́ di ásíìdì. Ẹ yẹ kúlà, ẹ̀rọ tó ń mú gáàsì tutù, wò bóyá ó ń jò, kẹ́ ẹ sì wo ibi tẹ́ ẹ ti ń gbẹ chlorine. Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá rí chlorine lẹ́yìn riákítọ̀, ẹ kọ́kọ́ ti fáàfù ẹ̀ pa ná.